Ẹ Wọn Ilẹ̀kùn Yín Dáadáa Kí Ẹ Tó Ra Pákó

 

Irúgbìn, ajílẹ̀ àti kòkòrò la sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn la fẹ́ yẹ̀ wò: bí a ṣe ń wọn ìbú àti gíga rẹ̀, àti bí a ṣe ń mọ bí gbogbo ojú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹlòmíràn lè sọ pé, "Kí ló kan àgbẹ̀ nínú ilẹ̀kùn? Ṣebí iṣẹ́ káfíńtà nìyẹn." Ó kàn wá o. Yàrá tí a kó àgbàdo, ẹ̀wà, èlùbọ́ àti gààrí sí, ilẹ̀kùn ló ní. Bí ilẹ̀kùn náà kò bá bá ẹnu ọ̀nà mu, ohun tí a fi oṣù mẹ́rin ṣe lóko lè di oúnjẹ èkúté láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi. Nígbà kan, mo fẹ́ ṣe ilẹ̀kùn sí yàrá tí mo ń kó àgbàdo sí. N kò wá téèpù. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo ní ìbú rẹ̀ kò tó ìgbọ̀nwọ́ méjì tán, gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mẹ́rin àti ààbọ̀. Mo bá lọ bá káfíńtà.

Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìgbọ̀nwọ́ ta ni ẹ fi wọ̀n ọ́n?"

Mo ní, "Tèmi ni. Ìwọ ṣá lọ ṣe é, kò ní wàhálà nínú."

Ó lọ ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n apá tirẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n. Géńdé ni, apá rẹ̀ sì gùn ju tèmi lọ. Nígbà tí ó gbé ilẹ̀kùn dé, kò wọlé. Ó fá a, ó tún fá a. Nígbà tí ó wá wọlé tán, àlàfo kan kù nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún tí ìka ọwọ́ ń gbà kọjá. Mo ní kò burú, ká máa lò ó bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, èkúté ti lu àpò àgbàdo mẹ́ta mi. Owó pákó lọ, owó iṣẹ́ lọ, àgbàdo náà tún lọ.

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Bí ìka ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo kò bá dọ́gba, báwo ni ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn méjì yóò ṣe dọ́gba?

ÀLÀFO WO NI ÈKÚTÉ LÈ GBÀ?

Ọmọ èkúté lè gba àlàfo tí kò ju ½ íǹṣì lọ kọjá. Àwọn eku kéékèèké inú ilé tilẹ̀ lè gba èyí tí ó ju ¼ íǹṣì lọ díẹ̀. ¼ íǹṣì kò ju ìnípọn pẹ́ńsù lọ. Nítorí náà, bí pẹ́ńsù bá ń yí gbirigbiri gba abẹ́ ilẹ̀kùn yín kọjá láìfara kan nǹkan, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà ti là fún eku.

Kì í sì í ṣe ti oúnjẹ nìkan. Irú eku kan wà tí ó máa ń wọlé wá, òun ló ń gbé ibà Lassa kiri. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó jẹ́ ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Kò tíì kúrò nílẹ̀ wa. Ó ń yọ àwọn ará ìpínlẹ̀ Òndó lẹ́nu títí di ìsinsìnyí. Bí irú eku bẹ́ẹ̀ bá tọ̀ tàbí tó yàgbẹ́ sínú gààrí tàbí àgbàdo, àrùn náà lè wọ ara ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án tàbí tó jẹ ẹ́. Ẹ rí i pé ilẹ̀kùn tó pa dé dáadáa ju ohun ẹ̀ṣọ́ lọ.

OHUN ÈLÒ TÍ A NÍLÒ

Ohun tí a nílò kò pọ̀: téèpù irin kan, pẹ́ńsù, ìwé, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú òkúta kékeré, àti ẹnì kan tí yóò bá yín di etí kejì mú.

Ọ̀pọ̀ téèpù ló ní ojú méjì: íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kan, sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà kan. Íǹṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54. Ojú tí ẹ bá fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ fi parí rẹ̀. Ẹ má fi íǹṣì wọn ìbú kí ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà wọn gíga.

Ohun méjì ni kí ẹ mọ̀ nípa téèpù. Èkíní, irin kékeré tó tẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ máa ń mì díẹ̀. Kò bàjẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ bá fi kọ́ etí pákó, yóò fà síta; bí ẹ bá tì í mọ́ ògiri, yóò wọlé; ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yọ ìnípọn ara rẹ̀ kúrò kí ìwọ̀n lè pé. Ẹ má fi òòlù kàn án mọ́lẹ̀. Èkejì, bí ẹ bá ti ẹ̀yìn ilé téèpù mọ́ òpó ilẹ̀kùn kejì, ẹ gbọ́dọ̀ fi gígùn ilé téèpù náà kún ohun tí ẹ kà. Wọ́n sábà máa ń kọ iye rẹ̀ sí ara rẹ̀.

Bí kò bá sí téèpù ńkọ́?

Ẹ gé ọparun tàbí igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó tọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ju ààbọ̀ ìbú ẹnu ọ̀nà lọ. Ẹ gbé méjèèjì lé ara wọn, kí ẹ fà wọ́n síta títí orí ọ̀kan yóò fi kan òpó ọ̀tún tí orí èkejì yóò sì kan òpó òsì. Ẹ wá so wọ́n pọ̀ gírígírí. Gígùn igi méjèèjì yìí ni ìbú ẹnu ọ̀nà yín gan-an. Ẹ gbé e lọ fún káfíńtà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe irú rẹ̀ fún gíga. Igi yìí sàn ju okùn lọ, nítorí okùn a máa fà, bó bá sì tutù a máa súnkì.

BÍ A ṢE Ń WỌN ẸNU Ọ̀NÀ

Ẹ má wọn ilẹ̀kùn àtijọ́ kí ẹ sọ pé òun náà ni ẹ óò tún ṣe. Ẹnu ọ̀nà ni kí ẹ wọ̀n, láàárín férémù. Bí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ lẹ tún fẹ́ rà yẹn.

1. Ẹ wọn ìbú ní ibi mẹ́ta: lókè lábẹ́ àtẹ́rígbà, láàárín, àti nísàlẹ̀. Òpó igi a máa tẹ̀, ìyá ògiri amọ̀ náà a sì máa yọ ikùn, nítorí náà ẹ má bàa yà yín lẹ́nu bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá dọ́gba. Èyí tí ó kéré jù lọ ni kí ẹ mú.

2. Ẹ wọn gíga ní ibi mẹ́ta: lọ́wọ́ òsì, láàárín, àti lọ́wọ́ ọ̀tún. Níhìn-ín pẹ̀lú, èyí tí ó kéré jù ni kí ẹ mú.

3. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun: láti igun òkè lọ́wọ́ òsì lọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, lẹ́yìn náà, láti igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún lọ sí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì. Bí ẹnu ọ̀nà bá gún, méjèèjì yóò dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, nǹkan kan ti wọ́. Ó lè jẹ́ ilẹ̀, ó lè jẹ́ àtẹ́rígbà, ó sì lè jẹ́ òpó.

4. Kí ẹ lè mọ èyí tí ó wọ́, ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi rọ̀ láti òkè òpó. Bí òpó bá dúró ṣánṣán, okùn àti òpó yóò jìnnà sí ara wọn bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Ní ti ilẹ̀, ẹ da omi díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ wo ibi tí ó ń ṣàn lọ.

5. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ ìbú ṣáájú, kí gíga tẹ̀ lé e, kí ẹ sì kọ orúkọ méjèèjì sí i. Ẹ tún kọ ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn yóò gbà ṣí, àti bóyá inú ni yóò ṣí sí tàbí ìta.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE ỌKAN PỌ̀

Ẹ jẹ́ ká wo yàrá àgbàdo tèmi yẹn nígbà tí mo padà wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ. Oṣù kẹjọ ni, òjò ṣì wà nílẹ̀.

Ìbú lókè: íǹṣì 33½
Ìbú láàárín: íǹṣì 33¼
Ìbú nísàlẹ̀: íǹṣì 33½
Gíga lọ́wọ́ òsì: íǹṣì 81½
Gíga láàárín: íǹṣì 81¾
Gíga lọ́wọ́ ọ̀tún: íǹṣì 82
Igun dé igun: ọ̀kan jẹ́ 88, èkejì jẹ́ 88½

Ìbú tí ó kéré jù ni 33¼. Gíga tí ó kéré jù ni 81½. Ṣùgbọ́n a kò ní ṣe ilẹ̀kùn kí ó fún mọ́ ẹnu ọ̀nà pinpin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní ṣí. A yọ ⅛ íǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ¼. Ìbú ilẹ̀kùn wá di 33. A yọ ¼ lókè àti ¼ nísàlẹ̀, èyí jẹ́ ½. Gíga ilẹ̀kùn wá di 81.

Ẹ kíyè sí ohun kan. Bí a bá gbé ilẹ̀kùn íǹṣì 81 yìí sí ẹnu ọ̀nà náà bẹ́ẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì yóò ṣí ní ¼, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ ọ̀tún yóò ṣí ní ¾. Ibẹ̀ gan-an ni èkúté gbà wọlé lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún! Kì í ṣe ilẹ̀kùn ló ní ẹ̀bi, ilẹ̀ ló dàgẹ̀rẹ̀. Omi tí mo dà sílẹ̀ ṣàn lọ sọ́wọ́ ọ̀tún tààrà. Ohun tí a ṣe ni pé a po sìmẹ́ńtì díẹ̀, a sì fi gbé ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún sókè ní ½ íǹṣì kí ó bá tòsì dọ́gba. Sìmẹ́ńtì abọ́ kan ló yanjú ohun tí ó ti jẹ àpò àgbàdo mẹ́ta.

Nípa ìgbà òjò àti ọyẹ́: pákó a máa wú nígbà òjò, a sì máa súnkì nígbà ọyẹ́. Ìbú rẹ̀ ló máa ń yí padà jù. Gígùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Bí ẹ bá ń ṣe ilẹ̀kùn nígbà òjò, ⅛ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tó. Bí ó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́ ni, ẹ lè fi í sílẹ̀ dé ¼ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ilẹ̀kùn má bàa há nígbà tí òjò bá dé. Ẹ má jẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí eku.

BÍ OJÚ ILẸ̀KÙN ṢE FẸ̀ TÓ

Nígbà tí a bá ti mọ ìbú àti gíga, a lè mọ bí gbogbo ojú ilẹ̀kùn ṣe fẹ̀ tó. Ẹ ro ó bí ebè oko. Bí ẹ bá pín ojú ilẹ̀kùn sí ẹ̀là ẹ̀là, tí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ̀là mélòó ni yóò jẹ́? Ẹ̀là kan yẹn la ń pè ní ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kan. Íǹṣì 12 lọ́nà 12 ni, èyí tí í ṣe íǹṣì onígun mẹ́rin 144.

Ìbú la ó fi sọ gíga di púpọ̀:

33 x 81 = 2,673

Kí a pín in sí ọ̀nà 144:

2,673 ÷ 144 = 18.56

Ojú ilẹ̀kùn kan yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 18 àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Íǹṣì 33 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 àti íǹṣì 9. Íǹṣì 81 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9. Ẹlòmíràn yóò tẹ 2.9 àti 6.9 sínú fóònù tàbí ẹ̀rọ ìṣirò, yóò sì rí 20. Kò rí bẹ́ẹ̀! Íǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà, kì í ṣe 10. Íǹṣì 9 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà 2.75 àti 6.75 ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ óò rí 18.56 padà. Lórí ilẹ̀kùn kan, owó ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ni ẹ óò san lásán. Lórí ilẹ̀kùn mẹ́fà, ó ti lé ní mẹ́jọ. Bí nǹkan bá ti fẹ́ rú yín lójú, ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí íǹṣì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

PÁKÓ MÉLÒÓ NI A Ó RÀ?

Pákó tí wọ́n ń pè ní "1 by 12", tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rà fún ilẹ̀kùn. Ẹ má gba orúkọ gbọ́, ẹ fa téèpù sí i. Èyí tí mo rà, íǹṣì 11½ ni ìbú rẹ̀. Nígbà tí káfíńtà fá etí rẹ̀ méjèèjì tán, ó ku 11. Pákó 11 mẹ́ta jẹ́ 33, ó sì bá ìbú ilẹ̀kùn wa mu gẹ́lẹ́.

Ẹ ṣọ́ra níbí yìí. Pákó kan tí ó fẹ̀ ní 11½ tí ó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 11½. Méjì jẹ́ 23. Ilẹ̀kùn wa kò ju 18½ àti díẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá fi ìṣirò yẹn nìkan lọ sọ́jà yóò ra pákó méjì, kò sì ní tó. Kí ló dé? Pákó kan gùn ní íǹṣì 144. Bí a bá gé 81 kúrò, ó ku 63. 63 kò lè ṣe gíga ilẹ̀kùn mọ́. Nítorí náà pákó kan, ẹyọ kan ni yóò mú jáde. Mẹ́ta la nílò, mẹ́ta la ó rà.

Àjẹkù 63 mẹ́ta yẹn kì í ṣe òfò. Ẹ la ọ̀kan sí méjì lọ́nà gígùn, kí ẹ gé e ní íǹṣì 30 30. Yóò fún yín ní ẹyọ mẹ́rin. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni a ó kàn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ní ìbú: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Àjẹkù kejì ni a ó fi ṣe igi tí ó dábùú láàárín wọn. Igi ìdábùú yìí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí híńjì wà, kí ó gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí a ó ti máa kọ́ ọ. Bí a bá kàn án sódì, ilẹ̀kùn yóò máa wọ́ nílẹ̀ láìpẹ́. Àjẹkù kẹta, ẹ fi ṣe àpótí ìyé fún adìyẹ.

Èyí ni kí ẹ fi sọ́kàn: fífẹ̀ ojú ilẹ̀kùn ló ń sọ iye páànù àti ọ̀dà fún wa, ṣùgbọ́n ìbú àti gíga ló ń sọ iye pákó.

PÁÀNÙ ÀTI Ọ̀DÀ

Èkúté lè jẹ igi, nítorí náà ẹ kan páànù pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ó ga ní íǹṣì 12, nínú àti lóde. 33 x 12 jẹ́ 396. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 144, ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 2.75. Ojú méjèèjì jẹ́ 5½. Ẹ má lo páànù oníhòrò ti òrùlé. Inú gọ́tà rẹ̀ ni eku yóò gbà. Ẹ kan díẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òpó méjèèjì náà, kí ẹ sì ṣe èyí kí ẹ tó wọn ẹnu ọ̀nà, nítorí ìnípọn páànù náà ní iye tirẹ̀.

Ní ti ọ̀dà, ojú ilẹ̀kùn méjì ni a ó kùn: 18.56 lọ́nà méjì jẹ́ 37 àti díẹ̀. Bí a bá fi etí rẹ̀ yíká kún un, ó tó bíi 39. Ẹ̀ẹ̀mejì la ó kùn ún, ó di 78. Mítà ni wọ́n sábà máa ń kọ sára agolo ọ̀dà. Mítà onígun mẹ́rin kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10.76, nítorí náà 78 jẹ́ nǹkan bí 7¼. Bí agolo bá sọ pé lítà kan yóò kun mítà onígun mẹ́rin 10, lítà kan tó, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Pákó tí a kò fá dáadáa a máa mu ọ̀dà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fèrèsé náà kò yàtọ̀. Ibi mẹ́ta ní ìbú, ibi mẹ́ta ní gíga, igun dé igun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nẹ́ẹ̀tì onírin lẹ fẹ́ kàn, ìwọ̀n tí ó tóbi jù ni kí ẹ mú, kí ẹ sì fi íǹṣì 2 kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ìṣó lè rí ibi dì mú.

Ẹ RÁNTÍ

– Téèpù kan ṣoṣo ni kí ẹ̀yin àti káfíńtà jọ lò. Ó dára jù kí òun fúnra rẹ̀ wá wọ̀n ọ́n lójú yín.
– Ibi mẹ́ta, kí ẹ mú èyí tó kéré jù.
– Igun dé igun gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ẹ tún ilẹ̀ tàbí òpó ṣe ṣáájú.
– Abẹ́ ilẹ̀kùn kò gbọdọ̀ ṣí ju ¼ íǹṣì lọ.
– Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí íǹṣì kí ẹ tó ṣírò.
– Ẹ wọn pákó lọ́jà kí ẹ tó sanwó.

Kí ẹ tó kórè àgbàdo tó ń bọ̀, ẹ mú pẹ́ńsù kan, kí ẹ yí i gba abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ìkẹ́rù yín. Bó bá kọjá, ẹ ti mọ iṣẹ́ tó kàn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó bi òṣìṣẹ́ wa tí ó ń bẹ àdúgbò rẹ̀ wò. A ó jẹ èrè oko wa o. Èkúté kò ní bá wa jẹ ẹ́.